Jẹjẹrẹ tó ràn dé ọpọlọ: Ìgbà wo ló yẹ kí wọ́n tún ṣí agbárí lẹ́ẹ̀kejì?

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Òwe yìí kì í pẹ́ jáde lẹ́nu mọ̀lẹ́bí bí dókítà bá ti sọ fún wọn pé àfi kí àwọn ṣí agbárí ẹni wọn, kí àwọn sì yọ kókó tó wà nínú ọpọlọ rẹ̀. Wọ́n á jiyàn títí, wọ́n á gbàdúrà, wọ́n á sáré owó kiri, níkẹyìn wọ́n á gbà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tó tún le ju ìyẹn lọ. Kí ni wọn yóò ṣe bí wọ́n bá ti ṣí orí náà lẹ́ẹ̀kan, tí aláìsàn ti padà wálé, tó ń jẹun, tó ń bá àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀ ṣeré, tí kókó náà wá tún hù lẹ́yìn oṣù mélòó kan níbi tí wọ́n ti gé e? Ṣé kí wọ́n tún ṣí orí kan náà ni, àbí kí wọ́n fi aláìsàn sílẹ̀ kó sinmi?

Ìbéèrè yìí la fẹ́ yẹ̀ wò lónìí. Àwọn tó ń gbé ní Mushin, Surulere àti Yaba kò jìnnà sí ibi tí wọ́n ti ń dáhùn rẹ̀, torí pé ilé ìwòsàn ńlá Yunifásítì Èkó tó wà ní Ìdí-Àrábà, èyí tí tẹrú-tọmọ mọ̀ sí LUTH, ní àwọn dókítà tó ń ṣiṣẹ́ abẹ ọpọlọ, ibùdó ìtọ́jú jẹjẹrẹ sì wà nínú ọgbà rẹ̀. Ohun tó kù ni pé kí àwa náà mọ ohun tó yẹ ká bi wọ́n léèrè.

Inú ọpọlọ kọ́ ló ti bẹ̀rẹ̀

Ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kí ẹ mọ̀, ẹ̀yin òǹkàwé wa, ni pé ọ̀nà méjì ni kókó jẹjẹrẹ ń gbà wà nínú ọpọlọ. Ọ̀kan wà tó jẹ́ pé inú ọpọlọ gan-an ló ti ṣẹ̀. Ìkejì ni èyí tó ti ibòmíràn nínú ara wá, bíi jẹjẹrẹ ọyàn, ti ẹ̀dọ̀fóró, ti kíndìnrín, ti ìfun ńlá tàbí ti awọ ara. Ẹ̀jẹ̀ ló máa ń gbé hóró jẹjẹrẹ kúrò níbi tó ti bẹ̀rẹ̀, tí yóò fi lọ jókòó sínú ọpọlọ, bí ìgbà tí afẹ́fẹ́ bá gbé èso èpò wọ inú oko ẹlòmíràn. Ìdí nìyí tí dókítà fi máa ń pè é ní jẹjẹrẹ ọyàn bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú orí ló wà báyìí. Oògùn tó ń bá jẹjẹrẹ ọyàn jà ni wọn yóò wá fún un.

Gẹ́gẹ́ bí ìṣirò àjọ tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé, ó lé ní 120,000 ènìyàn tí àrùn yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ mú ní Nàìjíríà ní ọdún 2022, àwọn tó sì bá a lọ lọ́dún náà lé ní 70,000. Jẹjẹrẹ ọyàn wà lára àwọn tó pọ̀ jù lọ. Bí ìtọ́jú ṣe ń mú kí aláìsàn pẹ́ sí i láyé, bẹ́ẹ̀ náà ni àrùn náà ń ráyè dé ọpọlọ àwọn kan tí wọn ì bá má tíì dé ibẹ̀ láyé àtijọ́.

Àkókò tó ń ṣòfò láàárín Ìgbóbì àti Yaba

Ẹ jẹ́ ká fi ìyá aláṣọ kan ní Mushin ṣe àpẹẹrẹ. Kì í ṣe ẹnì kan pàtó là ń sọ, ṣùgbọ́n àdúgbò tí ẹ kò ti ní rí irú rẹ̀ kò pọ̀. Wọ́n gé ọyàn rẹ̀ kan ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ó gba oògùn jẹjẹrẹ, ara rẹ̀ yá, ó sì ti padà sídìí ọjà rẹ̀. Ìgbà tó yá, orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ọ, pàápàá ní ìdájí. Ó ń bì láìjẹ́ pé inú ń run ún. Ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ń wọ́ nílẹ̀, ó sì ń sọ àwọn ohun tí kò yé àwọn ọmọ rẹ̀.

Ibí yìí ni àkókò ti máa ń ṣòfò. Wọ́n á kọ́kọ́ ra àgbo ibà lọ́jà. Bí ẹsẹ̀ bá ń wọ́, ẹnì kan á ní kí wọ́n gbé màmá lọ sí Ìgbóbì, ilé ìwòsàn eegun tó ti wà láti ọdún 1945. Bí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ bá dàrú, àwọn kan á máa sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ pé ó ti di ti Yaba Left, ìyẹn ilé ìwòsàn àwọn alárùn ọpọlọ tó ti wà ní Yaba láti ọdún 1907. Àwọn mìíràn á ní ayé ló ṣe é, wọ́n á sì gbé e lọ sílé àdúrà.

Kò sí ohun tó burú nínú kí aláìsàn dé Ìgbóbì tàbí Yaba, torí pé àwọn dókítà ibẹ̀ mọ ẹni tó yẹ kí wọ́n darí síbòmíràn. Ohun tó burú ni kí wọ́n dé ọ̀dọ̀ dókítà kí wọ́n má rántí sọ pé, "Màmá wa ti ní jẹjẹrẹ ọyàn rí o." Gbólóhùn kan yìí ló máa jẹ́ kí dókítà tètè ní kí wọ́n lọ ya àwòrán orí. Ẹnikẹ́ni tó bá ti ní jẹjẹrẹ rí, tí orí wá ń fọ́ ọ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, tí wárápá gbé e ṣánlẹ̀, tí apá tàbí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan rọ, tàbí tí ìwà rẹ̀ yí padà, àyẹ̀wò CT tàbí MRI ló kàn án, kì í ṣe àgbo.

Ohun tí iṣẹ́ abẹ àkọ́kọ́ lè ṣe

Bí àwòrán bá fi hàn pé kókó kan ṣoṣo ni, tó sì wà níbi tí ọwọ́ lè tó láìjẹ́ pé wọ́n ba ọ̀rọ̀ sísọ tàbí ìrìn aláìsàn jẹ́, àwọn dókítà lè yọ ọ́. Wọ́n á kọ́kọ́ fún un ní oògùn dexamethasone kí ọpọlọ tó wú lè fà. Lọ́jọ́ iṣẹ́ abẹ, wọ́n á fá irun ibi tí wọ́n fẹ́ là, wọ́n á gé eegun agbárí níbẹ̀ bí ẹni ṣí ìdérí, wọ́n á la awọ tó bo ọpọlọ, wọ́n á sì yọ kókó náà. Lẹ́yìn èyí, wọ́n á dá eegun padà sáàyè rẹ̀, wọ́n á fi irin kékeré dè é, wọ́n á sì rán awọ orí. Ẹ ò wá rí i pé kò sẹ́ni tó bẹ́ orí níbẹ̀.

Ẹ̀rí wà pé iṣẹ́ abẹ yìí wúlò. Ní ọdún 1990, Dókítà Roy Patchell àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Kentucky ní Amẹ́ríkà gbé àbájáde ìwádìí kan jáde lórí aláìsàn 48 tí kókó kan ṣoṣo wà nínú ọpọlọ wọn. Wọ́n tan ìtànṣán sí orí àwọn kan láìṣe iṣẹ́ abẹ fún wọn, wọ́n sì yọ kókó àwọn yòókù kí wọ́n tó tan ìtànṣán sí wọn. Ìdajì àwọn tó gba ìtànṣán nìkan kò lò ju ọ̀sẹ̀ 15 lọ láyé. Ní ti àwọn tó ṣe iṣẹ́ abẹ, ìdajì wọn lò tó ọ̀sẹ̀ 40.

Ohun mìíràn tún wà nínú ìwádìí yẹn tó yẹ ká fi sọ́kàn. Àwọn 54 ni dókítà kọ́kọ́ gbà pé jẹjẹrẹ ti ràn dé ọpọlọ wọn. Nígbà tí wọ́n mú díẹ̀ nínú kókó náà lọ yẹ̀ wò, 6 nínú wọn ni kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Àwòrán nìkan kò tó. Lọ́dọ̀ tiwa níbí tí ikọ́ àwúgbẹ ṣì ń dààmú ọ̀pọ̀ ènìyàn, ikọ́ yìí náà lè di kókó nínú ọpọlọ, kó sì jọ jẹjẹrẹ lójú àwòrán. Oògùn ni wọ́n fi ń wo ìyẹn sàn.

Kí ló dé tó fi ń padà wá?

Dókítà lè yọ gbogbo ohun tí ojú rí, síbẹ̀ kí hóró jẹjẹrẹ tí ojú kò lè rí ṣẹ́ kù sétí ibi tí wọ́n ti gé e. Ní ọdún 1998, Patchell kan náà gbé ìwádìí mìíràn jáde lórí aláìsàn 95 tí wọ́n ti yọ kókó wọn tán. Nínú àwọn tí kò gba ìtànṣán lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, kókó náà tún hù lójú kan náà fún 46 nínú ọgọ́rùn-ún. Nínú àwọn tó gbà á, 10 péré nínú ọgọ́rùn-ún ni. Ṣùgbọ́n àwọn tó gba ìtànṣán kò pẹ́ láyé ju àwọn yòókù lọ, nítorí pé jẹjẹrẹ tó wà níbòmíràn nínú ara kò dẹ̀yìn lẹ́yìn wọn.

Bí wọ́n bá tan ìtànṣán sí gbogbo orí, ó lè ra ènìyàn níyè. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé lóde òní, ojú ibi tí wọ́n ti yọ kókó nìkan ni ọ̀pọ̀ dókítà máa ń fẹ́ dójú ìtànṣán kọ. Ní 2017, àwọn dókítà ilé ìwòsàn MD Anderson tó wà ní Houston sọ àbájáde irú rẹ̀ lórí aláìsàn 132. Lẹ́yìn ọdún kan, 72 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó gbà á ni kókó náà kò tún hù fún lójú kan náà, nígbà tí ti àwọn tí kò gbà á jẹ́ 43.

Ohun tí gbogbo èyí ń sọ fún wa ni pé bí wọ́n bá yọ kókó tán, ìrìn àjò kò tíì parí. Dókítà sábà máa ń ní kí aláìsàn máa wá ya àwòrán orí ní oṣù méjì-méjì tàbí mẹ́ta-mẹ́ta ní ọdún àkọ́kọ́. Ibí yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ ti ń já sọ́nà. Ẹ padà wo ìyá aláṣọ wa. Ó ti ń rìn, ó ti ń ṣírò owó ọjà rẹ̀. Bùọ̀dá tó wà nílùú Lọ́ńdọ̀nù ti fi owó ránṣẹ́ títí ó ti rẹ̀ ẹ́, àǹtí tó ń gbé ní Surulere ti jẹ gbèsè. Bí wọ́n bá ní kó tún lọ ya àwòrán, màmá fúnra rẹ̀ ló máa sọ pé, "Ẹ fi mí sílẹ̀, ara mi ti le." Kò sẹ́ni tó lè bá a wí. Ṣùgbọ́n kókó tó kéré bí ẹ̀pà lójú àwòrán kì í ṣe ẹgbẹ́ èyí tí wọ́n dúró dè títí tó fi tún gba ẹsẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí kókó bá kéré, ọ̀nà púpọ̀ ló ṣí sílẹ̀. Bó bá ti tóbi, ọ̀nà á dín kù.

Ta ni iṣẹ́ abẹ kejì lè ràn lọ́wọ́?

Àwọn dókítà ti wádìí èyí náà. Ní 1995, Dókítà Rajesh Bindal, Raymond Sawaya àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní MD Anderson kọ̀wé nípa aláìsàn 48 tí wọ́n tún ṣí orí wọn nítorí kókó tó padà wá. Ìdajì wọn ló ti tún rí kókó náà kó tó pé oṣù méje lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ àkọ́kọ́. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ kejì, ìdajì wọn lò ju oṣù 11 lọ. Àwọn 26 ni ó tún padà sí lára lẹ́ẹ̀kẹta. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ kẹta fún 17 nínú wọn, ìdajì àwọn wọ̀nyí sì lò ju oṣù mẹ́jọ lọ. Ìdajì àwọn tí wọn kò ṣe é fún kò lò tó oṣù mẹ́ta.

Ẹ má ṣe torí èyí sáré sọ pé iṣẹ́ abẹ ló ń fi ẹ̀mí kún ẹ̀mí fún gbogbo ènìyàn. Àwọn tí ara wọn ṣì le ni dókítà máa ń yàn fún un, ẹni tí ara rẹ̀ le ì bá sì pẹ́ ju ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ lọ́nàkọnà. Ohun tó wúlò jù nínú ìwádìí náà ni nǹkan márùn-ún tí wọ́n rí pé ó ń yà àwọn tó jàǹfààní sọ́tọ̀.

Àkọ́kọ́ ni bóyá jẹjẹrẹ tó wà níbòmíràn nínú ara ti rọlẹ̀. Bí ó bá ti wà nínú ẹ̀dọ̀ àti ẹ̀dọ̀fóró tó ń jà rànìn, yíyọ ti orí nìkan kò lè gba aláìsàn. Ìkejì ni bóyá aláìsàn ṣì lè wẹ̀, kó jẹun, kó sì tọ́jú ara rẹ̀. Ìkẹta ni bí ó ti pẹ́ tó kí kókó náà tó padà. Èyí tó padà kí oṣù mẹ́rin tó pé, ó burú ju èyí tó pẹ́ lọ. Ìkẹrin ni ọjọ́ orí, torí pé ó san fún àwọn tí kò tíì pé ogójì ọdún ju àwọn àgbà lọ. Ìkarùn-ún ni ibi tí jẹjẹrẹ náà ti ṣẹ̀. Nígbà yẹn, ti ọyàn àti ti awọ ara ló burú jù. Ṣùgbọ́n oògùn tuntun ti dé láti ìgbà náà, pàápàá fún oríṣi jẹjẹrẹ ọyàn tí wọ́n ń pè ní HER2, nítorí náà nǹkan ti yàtọ̀ díẹ̀.

Ó ní ewu tirẹ̀

Iṣẹ́ abẹ kejì kò rọrùn bíi ti àkọ́kọ́. Awọ orí tí wọ́n ti là rí, tí ìtànṣán sì ti kọjá lára rẹ̀, kì í tètè jinná. Awọ inú tó bo ọpọlọ ti lè lẹ̀ mọ́ ọpọlọ fúnra rẹ̀. Kòkòrò àrùn lè ráyè wọlé, omi inú ọpọlọ lè máa jò, aláìsàn sì lè jí kí apá tàbí ohùn rẹ̀ má ṣiṣẹ́ mọ́. Gbogbo èyí ni dókítà gbọ́dọ̀ là mọ́lẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó tọwọ́ bọ̀wé.

Ohun kan tún wà tó máa ń rú dókítà pàápàá lójú. Lẹ́yìn ìtànṣán, ẹran ara tó ti kú nínú ọpọlọ lè wú, kó sì jọ jẹjẹrẹ tó padà wá lójú àwòrán. Ìtànṣán ló fà á, kì í ṣe àrùn náà. Oògùn lè tó fún irú èyí. Nígbà mìíràn sì rèé, àfi kí wọ́n ṣí orí kí wọ́n tó mọ èwo ni. Nítorí náà, bí wọ́n bá sọ fún yín pé ó ti padà, ẹ bi wọ́n pé, "Ṣé ó dá yín lójú pé jẹjẹrẹ ni?" Kì í ṣe àrífín.

Ọ̀bẹ sì kọ́ ni ọ̀nà kan ṣoṣo. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2015, ààrẹ Amẹ́ríkà tẹ́lẹ̀ rí, Jimmy Carter, kéde pé jẹjẹrẹ awọ ara ti ràn dé ọpọlọ òun lójú mẹ́rin. Ẹni 90 ọdún ni nígbà náà. Wọn kò ṣí orí rẹ̀. Ìtànṣán tí wọ́n dójú rẹ̀ kọ àwọn kókó náà àti oògùn pembrolizumab ni wọ́n fi tọ́jú rẹ̀. Kí ọdún náà tó parí, ó sọ pé àwọn dókítà kò rí àmì rẹ̀ mọ́ nínú ọpọlọ òun. Ọjọ́ 29 oṣù kejìlá ọdún 2024 ló tó kú, lẹ́ni 100 ọdún. Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló ń rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó fi hàn pé ó yẹ kéèyàn béèrè ohun tó tún wà yàtọ̀ sí iṣẹ́ abẹ.

Ní tiwa ńkọ́?

Iṣẹ́ abẹ ọpọlọ kì í ṣe àjèjì nílẹ̀ Yorùbá. Ọmọ bíbí Awẹ́ nítòsí Ọ̀yọ́, Ọ̀jọ̀gbọ́n Látúndé Òdékù, tó kàwé ní yunifásítì Howard àti Michigan ní Amẹ́ríkà, padà wá sí ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn ní 1962. Òun ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó kọ́ṣẹ́ yìí. Ó kú ní 1974, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó gbìn kò kú. Ní oṣù kejì ọdún 2019, Ààrẹ Muhammadu Buhari ṣí ibùdó ìtọ́jú jẹjẹrẹ tí àjọ NSIA fi mílíọ̀nù 11 dọ́là kọ́ sínú ọgbà LUTH, pẹ̀lú àwọn ẹ̀rọ ìtànṣán ìgbàlódé.

Owó ni wàhálà tó kù. Òfin ìlera adójútòfò tí ìjọba fọwọ́ sí ní 2022 sọ ọ́ di dandan fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà, ṣùgbọ́n àpò ara wọn ni ọ̀pọ̀ ṣì ń kì bọ̀. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí mọ̀lẹ́bí fi owó àwòrán sínú ìṣirò láti ìbẹ̀rẹ̀, kí wọ́n má ná gbogbo rẹ̀ sórí iṣẹ́ abẹ àkọ́kọ́. Ẹ tọ́jú gbogbo àwòrán, ìwé àbájáde àti orúkọ oògùn pa mọ́ sínú fáìlì kan, torí pé àwòrán àtijọ́ ni dókítà yóò fi mọ̀ bóyá ohun tó rí jẹ́ tuntun.

Bí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ abẹ kejì bá sì délẹ̀, ẹ bi dókítà ní ìbéèrè wọ̀nyí: Báwo ni jẹjẹrẹ tó kù nínú ara ṣe wà? Kí ni ẹ fẹ́ kí màmá wa tún lè máa ṣe lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ yìí? Oògùn tàbí ìtànṣán wo ló máa tẹ̀ lé e? Kí ló máa ṣẹlẹ̀ bí a kò bá ṣe é? Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ bi màmá fúnra rẹ̀ nígbà tí ọ̀rọ̀ ṣì já gaara lẹ́nu rẹ̀. Òun ló ni orí. Bó bá ní ó tó, ìtọ́jú ìdẹ̀rùn wà tí yóò mú ìrora àti èébì fúyẹ́, kò sì túmọ̀ sí pé àwọn ọmọ ti pa á tì.

Òótọ́ ni àwọn baba wa sọ, orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Àmọ́ wọ́n tún sọ pé àìtètè mólè, olè ń mólóko. Ẹni tó bá tètè padà lọ ya àwòrán rẹ̀ ni dókítà lè fún ní ọ̀nà tó ju ẹyọ kan lọ.